Ìka Mẹ́wàá, Ó Lé Mẹ́rìnlá

Ẹ má jókòó síbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ dìde níbẹ̀, ìjókòó rẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ ni ọkọ mi, àbúrò yín, jókòó sí kẹ́yìn láyé, mi ò sì tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fìdí kàn án láti oṣù mẹ́jọ wá, àní ológbò ilé yìí gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà kọjá. Ẹ bọ́ síbí, àga onítìmùtìmù nìyí. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú oòrùn. Mo kúnlẹ̀, ẹ ti rí i pé mo kúnlẹ̀, ó yá, mo ti dìde. Omi wà nínú ife, ṣùgbọ́n ẹ rọra mu ún o, torí ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí lè há èèyàn lọ́fun.

Ṣé ẹ rí ohun tí Kíákíá ṣe fún mi? Àbúrò yín kékeré ni mò ń wí. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn lọ́jọ́ tí mo wọlé yín, torí wọ́n ní kó gbé omi wá fún ìyàwó, kó tó dé ọ̀dọ̀ mi ó ti fi eré da gbogbo rẹ̀ nù tán. Kò yí padà! Ó ti dàgbà, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ọkọ mi ló kọ́ ọ níṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà látòkè délẹ̀, síbẹ̀ eré náà ló ń sá. Mo lọ kí ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọjọ́ márùn-ún péré ni mo lò. Mo padà dé, mo ṣílẹ̀kùn, mo bọ́ bàtà, mo jókòó, mò ń retí aago mẹ́rin. Aago mẹ́rin lù. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì yìí jí. Ẹ̀gbọ́n, ó jí, àmọ́ kò ké! Fáànù rẹ̀ ń yọ́ yí. Agogo àkọ́kọ́ dún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kí n tó ká ìka kẹrin, agogo ìkẹyìn ti dún. Ìka mẹ́ta, ó lé ẹyọ kan. Ọgọ́ta ó lé kan! Mo figbe ta, mo ní ta ló wọlé mi? Ta ló fọwọ́ kan ọkọ mi?

Ẹ̀rọ ni mo fẹ́ wí. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹnu ló ṣì sọ, kò sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í ṣì sọ.

Ó lọ yọ pírósẹ́sọ̀ rẹ̀! Ẹ̀yin ò mọ pírósẹ́sọ̀, kò burú, èmi náà ò mọ̀ ọ́n kí n tó délé yín. Ọpọlọ tí kọ̀ǹpútà fi ń ronú ni. Kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, ó tẹ́ pẹlẹbẹ, irin bo ẹ̀yìn rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ wá kún fún ẹsẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ aláwọ̀ wúrà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, tó jẹ́ pé bí ẹyọ kan bá ṣẹ́ báyìí, ó parí. Kíákíá wá yọ èyí tó wà níbẹ̀, olórí méjì tó ti dàgbà, ìyẹn èyí tí ọpọlọ méjì ń ronú nínú rẹ̀, ó fi olórí mẹ́rin rọ́pò rẹ̀. Ó ní òun ṣe mí lóore. Ó ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ilé ta ló jó? Mo ní, ilé ta ló jó, Ẹ̀gbọ́n?

Olórí méjì, olórí mẹ́rin! Ọ̀rọ̀ tí ọkọ mi fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣàlàyé nìyẹn, ó wá kú tán, àbúrò rẹ̀ ò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Ẹ mọ àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń ra tuntun. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, akọ̀wé ni, ẹni tó ń bá èèyàn tẹ ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹjọ́ ni. Wọ́n á ní, "Ọ̀gá, nínú àwọn àtijọ́ yìí, èwo ló yá jù?" Wọ́n á máa ka nọ́ńbà ara ẹ̀rọ sí i létí, èyí tó bá tóbi jù ni wọ́n fẹ́ gbé lọ. Á fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Á ní, "Ẹsẹ̀ lẹ̀ ń bi mí, ẹ ò bi mí ní èémí." Á ní olórí mẹ́rin tí gbogbo wọn ń tòògbé kò ju olórí méjì tó lajú lọ. Á ní èyí tó wà nínú alágbèéká àti èyí tó wà nínú ti orí tábìlì, wọn ìbáà kọ nọ́ńbà kan náà sí wọn lára, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá, torí inú alágbèéká há, kò ráyè mí, bí ara rẹ̀ bá ti gbóná, á dẹ eré sílẹ̀ kó má baà jóná. "Kò sí ẹni tí kì í sáré níbẹ̀rẹ̀," ohun tó máa ń wí nìyẹn, "ẹ jẹ́ ká wo ẹlẹ́ẹ̀kẹta."

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta! Òfin ilé yìí nìyẹn. Gbogbo ẹ̀rọ tó bá wọlé, ìdánwò kan náà ni. Àpò àwòrán kan wà, àwòrán ìgbéyàwó wa, àwòrán ọmọ wa nígbà tó ń rákò, ti ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ wé gèlè tó fẹ́ já bọ́, ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. Á da àpò yẹn sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì máa fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ẹrù kékeré kan. Agogo kan á dún láti bẹ̀rẹ̀, agogo kan á dún láti parí. Ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra. Èmi ni mo sì ń ka iye ìṣẹ́jú-àáyá tó lò. Èmi, ìyàwó yín! Ẹ ò mọ̀? Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, èmi ni mò ń fi awò ka àkọlé tín-ń-tín ẹ̀yìn pírósẹ́sọ̀ fún un, ọwọ́ mi ló ń gbé e sójú ihò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti kíkà yẹn ti pẹ́ ju ti ojú lọ. Ó ti tó ogún ọdún.

Inú kíṣìnnì ni mo sì ti gbọ́dọ̀ máa kà. Ó ní ẹni tó bá ń wo ojú ẹ̀rọ á máa gbè é, á máa bá a sáré láìmọ̀. Nítorí náà, màá dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì lọ́hùn-ún, màá kẹ̀yìn síbí, màá kà á sókè kó lè máa gbọ́: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ogún, màá ká ìka kan, màá tún bẹ̀rẹ̀ láti ení. Torí bí mo bá ní kí n máa kà á lọ gbọọrọ, kí n tó pe àrùndínláàádọ́jọ tán lẹ́nu, ẹ̀rọ ti lọ ó ti bọ̀. Ọwọ́ òsì, ọgọ́rùn-ún. Ọwọ́ ọ̀tún, igba. Mo bi í nígbà kan, mo ní ṣé kò sí aago nílé ni? Ó ní, "Aago ò lè dá mi lóhùn bó o ṣe ń dá mi lóhùn." Mo pòṣé, mo ní ọ̀lẹ ni ẹ.

Òfin kan tún wà, òun ló pa mí. Ẹni tó ń kà kì í dánu dúró. Omi ìbáà hó dànù, àlejò ìbáà kanlẹ̀kùn, ẹni tó bá dánu dúró ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, a ó tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹta láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìrẹsì ti jóná mọ́ mi lójú rí, mò ń wò ó, èéfín ń bọ́ sí mi lójú, mò ń kà á lọ. Ó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ráhùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò tíì gbọ́ ọ rí. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ó kú lórí ìjókòó, ẹ ò mọ bó ṣe rí.

Agbẹ̀bí tó ń gbé ilé kejì yìí ló ní òun fẹ́ ẹ̀rọ àtijọ́ kan fún ọmọ òun tó ń lọ sílé ìwé gíga. Méjì ló wà nílẹ̀. Alágbèéká kan, ọkọ mi sọ ọ́ ní Gbónágbóná, àti ti orí tábìlì yìí, ó sọ ọ́ ní Onísùúrù. Ọjọ́ orí kan náà, olórí méjì méjì, nọ́ńbà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Agbẹ̀bí fẹ́ alágbèéká torí ó ṣeé gbé sábíyá. Ọkọ mi ní kó fara balẹ̀, òun á fún un lésì ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Aago mẹ́rin ló máa ń ṣèdánwò, nígbà tí oòrùn bá ti kúrò lójú fèrèsé, torí ooru ń ba ẹjọ́ wọn jẹ́. Ẹ̀rọ tó bá wà lórí ìdánwò, á ti ṣètò rẹ̀ kó máa jí fúnra rẹ̀ ní aago mẹ́rin, kó sì bẹ̀rẹ̀ ti àkọ́kọ́ láìjẹ́ pé a fọwọ́ kàn án.

A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Gbónágbóná. Àkọ́kọ́, ìka mẹ́sàn-án ó lé mẹ́jọ. Ó sáré! Mo ní ọkọ mi, èyí yá o. Ó ní, "Máa wò ó." Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìka mẹ́wàá ó lé mẹ́ta. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìka ọwọ́ mi tán, mo ní láti ká ọmọ-ìka ẹsẹ̀ méjì mọ́ ọn, ogójì lé nígba! Ó rẹ́rìn-ín lórí àga yẹn títí ó fi wúkọ́. Ó ní, "Ṣó o rí i, ó ti mí tán." Ó wá kan Onísùúrù. Àkọ́kọ́, ìka mẹ́wàá ó lé mẹ́rìnlá. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìka mẹ́wàá ó lé mẹ́rìnlá, kò yẹ̀ rárá. Ó ní, "Ó ku ẹyọ kan." Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n. Ó ku ẹyọ kan.

Agogo dún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mò ń kà, mò ń ká ìka, mo kẹ̀yìn síbí, mò ń wo kán-ún kan tí mo gbàgbé sórí ààrò. Mo wá gbọ́ "kọ̀!" Ẹ̀mú kékeré tó fi ń mú nǹkan ló jábọ́ sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Mo gbọ́ ọ! Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ. Mo ní lọ́kàn mi pé á mú un. Mo ní òfin ni òfin, mi ò fẹ́ tún ẹ̀ẹ̀mẹta ṣe, ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mò ń kà á lọ. Agogo dún. Mo kígbe, mo ní, "Ìka mẹ́wàá ó lé mẹ́rìnlá! Onísùúrù ò yẹ̀ o!" Kò dáhùn. Mo rò pé ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo tún sọ ọ́. Mo wá yíjú padà.

Ẹ̀mú yẹn wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n, ìka wo ni mo ká tán nígbà tó jábọ́? Ìbéèrè mi nìyẹn. Òun nìkan ni mò ń bi ara mi láti oṣù mẹ́jọ, mi ò bi Ọlọ́run ní nǹkan mìíràn. Ọwọ́ òsì ni mò ń ká lọ́wọ́ ni, àbí ọwọ́ ọ̀tún? Bó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún, bó bá jẹ́ pé ó ti ń lọ sópin, á jẹ́ pé kò sí ohun tí mo lè ṣe. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọwọ́ òsì ńkọ́? Á jẹ́ pé mo dúró síbẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, mò ń kẹ̀yìn sí i, mò ń pariwo ení-èjì-ẹ̀ta, ọkọ mi sì ń kú lẹ́yìn mi, ó ń gbọ́ ohùn mi, ó ń retí kí n dánu dúró! Láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì dé ìjókòó yìí, ìṣísẹ̀ méje ni. Mo ti wọ̀n ọ́n. Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó jù ú lọ lóòótọ́.

Ẹ rántí ọjọ́ kejì rẹ̀? Ilé kún, gbogbo yín jókòó lórí ẹní, àwọn kan ń sọkún, àwọn kan ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Aago mẹ́rin lù, fáànù bú ramúramù lórí tábìlì, agogo dún kíń-ìn! Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dìde, Ẹ̀gbọ́n, ẹ má purọ́, ẹ̀gbẹ́ ògiri lẹ gbà dé ìta, ìborùn yín jábọ́ sílẹ̀. Gbogbo ilé tú. Èmi ò sá. Mo mọ ohun tó jẹ́. Ó ti ṣètò rẹ̀ kó máa jí, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé kó má jí mọ́. Mi ò ya wèrè. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Ṣùgbọ́n bó ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, ète mi bẹ̀rẹ̀ sí í kà fúnra rẹ̀, mo ká ìka mi lábẹ́ aṣọ, ìka mẹ́wàá ó lé mẹ́rìnlá. Kò yẹ̀. Mo wá wí lọ́kàn mi pé, hẹn-ẹ̀n, àkókò náà ṣì wà nílẹ̀ nìyẹn! Gígùn kan náà, ariwo kan náà, iye kan náà. Bí mo bá ń rìn ín lójoojúmọ́, lọ́jọ́ kan màá kọsẹ̀ lára ibi tí ẹ̀mú yẹn ti jábọ́.

Ohun tí mò ń ṣe nìyẹn. Ohun tí agbẹ̀bí ń gbọ́ lára ògiri nìyẹn, tó ní mò ń bá òkú sọ̀rọ̀. Mi ò bá òkú sọ̀rọ̀, mò ń wá ìka kan ni. Ó sì ń sún mọ́ mi! Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú ìrìn àjò mi, bí mo ṣe ká ìka àárín ọwọ́ òsì tán, mo gbọ́ "kọ̀" yẹn bí ẹni pé ẹnìkan tún jù ú sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀ mo tún dúró dè é níbẹ̀, kò wá, ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún ló ti dún. Mo ní kò burú, ó ku díẹ̀. Ìgbà náà ni ọmọ bímọ. Mo lọ. Mo bọ̀. Ọgọ́ta ó lé kan! Ìka mẹ́ta! Ibi tí mo ti gbọ́ ọ lọ́wọ́ òsì gan-an, olórí mẹ́rin yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe tán níbẹ̀. Ọ̀nà tí mo ń rìn lọ bá ọkọ mi, ẹ gé e sọnù, ẹ ní kí n wá dúpẹ́ pé ọ̀nà ti kúrú.

Mo lọ bá Kíákíá ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ yìí. Ẹ mọ ibi tí mo ti rí pírósẹ́sọ̀ ọkọ mi? Nínú agolo! Agolo ìṣó! Ó jù ú sínú ìṣó pẹ̀lú ẹsẹ̀ wúrà rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo bú sẹ́kún láàárín àwọn oníbàárà, agbẹ̀bí náà wà níbẹ̀, ó gbé Gbónágbóná dání, torí Kíákíá ló padà gbé e fún un, ó ní ó yá jù. Ó ní ó ti ń jó ọmọ òun nítan, àti pé bí ọ̀sán bá ti pọ́n, kò lè ṣe nǹkan kan mọ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta! Ṣé ọkọ mi ò sọ ọ́? Ṣé òkú ò sọ òótọ́?

Àbúrò yín wá ń bẹ̀ mí, ó ń sáré sọ̀rọ̀, ẹ mọ̀ ọ́n. Ohun méjì ló já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Èkíní, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ tilẹ̀ máa ń kà á ni? Kí lẹ̀ ń kà á sí? Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń kọ iye àkókò tó lò sójú nígbà tó bá parí." Mo ní kí lo wí? Ó fi hàn mí. Ó wà níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Lábẹ́ níbẹ̀, lẹ́tà kéékèèké, iye tó lò, àti ìdá rẹ̀. Ó ti ń kọ ọ́ síbẹ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́. Ogún ọdún! Ọkọ mi mọ̀. Ó mọ̀, ojú rẹ̀ ń rí i nígbà tí ojú ṣì ń ríran, kò wí fún mi. Kò nílò aago, kò nílò ìka mi, ohùn mi nìkan ló fẹ́ máa gbọ́ láti kíṣìnnì. Òfin tí mo ń pa mọ́ lọ́jọ́ tó kú, tí mi ò fi dánu dúró, eré ni. Eré ìfẹ́ ni! Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín, àbí kí n máa rẹ́rìn-ín dá?

Èkejì... Ẹ gbé ife omi yẹn sílẹ̀ ná. Èkejì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ló rán mi."

Ẹ máa wolẹ̀. Mo ti mọ̀ láti àárọ̀, mo kan fẹ́ kẹ́ ẹ jókòó tán kí n tó sọ ọ́ ni. Ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ kí ọmọ, ẹ ní kí n lo ọjọ́ márùn-ún, ẹ ní ara mi fẹ́ afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin lẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ẹ ní ẹ óò máa fún ológbò lóúnjẹ! Mo bá ọ ṣe ilé kan fún ọdún mélòó... ẹ má bínú, mo bá yín. Mo bá yín ṣe ilé kan fún ọdún mẹ́rìnlélógún, mi ò gbójú sókè wò yín rí. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò bi mí? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò pè mí, kẹ́ ẹ ní, ìyàwó, kí lò ń kà?

Ẹ ní kí ni? Ẹ sọ ọ́ sókè.

Ẹ ní ẹ̀rù ló bà yín. Ẹ ní agbẹ̀bí sọ fún yín pé bí n bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, ọkọ mi ni yóò wá mú mi lọ. Hẹn. Ẹ ní àbúrò yín ló kú, ẹ̀yin náà kò sì lè gbọ́ agogo yẹn kẹ́ ẹ má rí i lójú, ẹ ní lọ́jọ́ kejì yẹn, kì í ṣe ẹ̀rọ lẹ rò pé ó jí, òun ni. Áà. Ẹ̀gbọ́n! Kẹ́ ẹ tó sá jáde, ẹ dá a lóhùn? Ẹ ní "mo ń bọ̀"? Lójú gbogbo èèyàn?

Ẹ má sọkún mọ́. Ó tó. Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Agbẹ̀bí ti sọ fún èmi náà pé bí mo tilẹ̀ sáré, kò sí ohun tí mo lè ṣe, ó ní ẹ̀ẹ̀kan náà ló lọ. Báwo ló ṣe mọ̀? Ṣé ó wà níbẹ̀? Ìṣísẹ̀ méje ni, Ẹ̀gbọ́n, kódà kí ó ti lọ, ìbá gbọ́ pé mò ń bọ̀.

Ẹ nu ojú yín. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹ gba tọ́ọ̀ṣì yìí, ẹ dì í mú, ẹ tàn án síbí. Òun rèé nínú owú. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ti tẹ̀ nínú agolo, mo ti fi orí abẹ́rẹ́ nà wọ́n láti ọ̀sán, ọ̀kan ṣì wọ́ díẹ̀. Ẹ má mí lé e. Èmi ni mo ń ṣe é fún un nígbà tí ojú rẹ̀ kọ̀, ẹ má bẹ̀rù. Mo ti yọ olórí mẹ́rin kẹ́ ẹ tó dé, òun nìyẹn, Kíákíá lè wá gbé e lọ, mi ò bú u, ó yára, ó yára, ó dára fún ẹni tó ń kánjú. Ẹ wo igun tó ní àmì onígun mẹ́ta yìí, igun yẹn ló gbọ́dọ̀ bá igun ara pátákó mu. A kì í tì í. A ó kàn gbé e lé e, yóò wọlé fúnra rẹ̀. Ohun tá a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣé ẹ rí i? Ó wọlé. Ẹ jẹ́ kí n de irin yìí mọ́ ọn. Ìpara díẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ kí ooru lè rí ọ̀nà jáde. Fáànù. Wáyà. Bátìrì kékeré tó ń ṣọ́ aago rẹ̀ ò kúrò níbẹ̀.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méjì.

Ẹ dìde, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá jókòó síbí. Bẹ́ẹ̀ ni, ìjókòó rẹ̀. Mo mọ ohun tí mo sọ nígbà tẹ́ ẹ wọlé, mo ti yí i padà. Ẹ jókòó kó kún. Ẹ gba ẹ̀mú rẹ̀ yìí, ẹ dì í mú lọ́wọ́ ọ̀tún bó ṣe máa ń dì í mú. Èmi ń lọ sí kíṣìnnì, màá kẹ̀yìn sí yín, màá máa kà. Ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ má wúkọ́. Ibi tó bá wù yín, ọwọ́ òsì o, ọwọ́ ọ̀tún o, mi ò fẹ́ mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ ní ẹ ò lè ṣe é? Ẹ lè ṣe é. Ohun tẹ́ ẹ máa san fún mi nìyẹn, mi ò béèrè òmíràn. Mi ò wá ìka náà mọ́. Bó bá ti jábọ́ báyìí, lónìí, mi ò ní kà á parí.

Mo ti débẹ̀. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ má dáhùn, ẹ má dáhùn, mo gbàgbé.

Ó jí. Ẹ gbọ́ fáànù yẹn! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ké! Olówó orí mi, ẹ kú àtijọ́.

Agogo nìyẹn. Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àrún. Ẹ̀fà. Èje. Ẹ̀jọ. Ẹ̀sán. Ẹ̀wá. Oókànlá. Èjìlá. Ẹ̀tàlá. Ẹ̀rìnlá. Àrùndínlógún. Ẹ̀rìndínlógún. Ẹ̀tàdínlógún. Èjìdínlógún. Oókàndínlógún. Ogún. Ìka kan. Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àr...

Mo ń bọ̀! Ọkọ mi, mo ń bọ̀! Mo ti dánu dúró, mo ń bọ̀!